Ìkéde Agogo Méje

Bí ènìyàn bá dàgbà tán ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, gbogbo ayé ni yóò máa kí i, kò sì ní sí ẹni tí yóò máa pè é lórúkọ mọ́. Bí ọ̀rọ̀ Màmá Ajíbádé ṣe rí nìyẹn ní Iléṣà. Màmá Wisdom ni àwọn ará àdúgbò ń pè é, Màmá Oníbúrẹ́dì ni àwọn tó ti jẹ búrẹ́dì rẹ̀ rí ń pè é, ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, Ìyá Ìjọ ni. Phebe tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ́jọ́ ìsàmì, ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Wúrà ni ẹni náà, Òṣú ló sì ń gbé, lójú ọ̀nà Ifẹ̀.

Bẹ́ńṣì kan náà ni àwọn méjèèjì jókòó lé nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń bá ara wọn jiyàn. Wúrà fẹ́ ará Òṣú. Phebe fẹ́ Ajíbádé tó ń ṣe búrẹ́dì, òun náà sì di oníbúrẹ́dì. Nígbà tí Elisha, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Wúrà bí láàárín àwọn obìnrin, wọ ilé ìwé girama ní Iléṣà, ọ̀dọ̀ Phebe ló gbé títí ó fi jáde. Phebe ló ń jí i láàárọ̀, òun ló ń fún un lóúnjẹ, òun náà ló sì nà án lọ́jọ́ tó jẹ́ kí búrẹ́dì odidi ààrò kan jóná nítorí bọ́ọ̀lù. Elisha di olùkọ́ ní Àkúrẹ́, ó láya, ó bímọ, síbẹ̀ bó bá ń bọ̀ wá kí ìyá rẹ̀ ní Òṣú, Iléṣà ló ń kọ́kọ́ yà, kó tó lọ.

Ajíbádé ti kú. Ààrò ti wó. Wisdom, ọmọ kan ṣoṣo tí Phebe bí, ti di ará Kánádà, ọ̀hún ló ti gbéyàwó, ọ̀hún ló ti bímọ, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń kí ìyá àgbà wọn lórí fóònù bí ẹni ń ka ìwé fún tíṣà. Ilé náà tóbi, yàrá kan ni Phebe ń sùn sí, eruku ló ń sùn nínú àwọn tó kù. Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí kò kó lọ bá Wúrà, tàbí kí Wúrà kó wá bá a. Àgbàlagbà kì í dìde nílé tó fi òógùn kọ́, kó wá lọ máa bèèrè ibi tí wọ́n ń gbé iyọ̀ sí nílé onílé. Orúnkún Wúrà tún ti kọ ọkọ̀ wíwọ̀, ti Phebe náà ń rò ó wò.

Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni ìkéde agogo méje. Lálaalẹ́, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan tó wà nítòsí máa ń ka orúkọ àwọn tó kú. Ẹ̀yin ará ìlú ńlá lè máa rẹ́rìn-ín. Níbí, ẹni tí wọn ò bá tíì kéde, kò tíì kú tán. Fọ́tò olóògbé á jáde, orin ìsìn á máa lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á wá ka orúkọ, ilé, ọmọ, ọmọ-ọmọ àti ọjọ́ ìsìnkú. Ẹni tí etí rẹ̀ bá mọ́ ọn lára kì í dúró de orúkọ kó tó mọ irú ikú tó jẹ́. Bí wọ́n bá fi ìdúpẹ́ bẹ̀rẹ̀, àgbà ló kú. Bí wọ́n bá fi ẹ̀dùn ọkàn bẹ̀rẹ̀, kí kálukú di àyà rẹ̀ mú. Ìdílé tó bá sì ti kéde, tiwọn ti tán. Ẹni tí kò bá yọjú síbẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n á ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Bí ìkéde bá ti parí báyìí, fóònù Phebe á dún. Wúrà kì í kí i, kì í bèèrè àlàáfíà. "Ṣé o gbọ́?" ló ń fi bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ á ti dìde. Fọ́tò tí wọ́n lò fún lágbájá, ṣé kì í ṣe ti ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ni? Àwọn ọmọ tí wọ́n kà fún tàmẹ̀dù, ìgbà wo ló bí gbogbo wọn? Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á káàánú, wọ́n á tún rántí gbèsè búrẹ́dì tí òkú náà jẹ láti ayé ìjọba Gowon. Òkú ni wọ́n ń sọ o, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ wọn, ẹ mọ̀ pé ara wọn ni wọ́n ń kà lójoojúmọ́, láti mọ̀ pé àwọn ò tíì dín. Lẹ́yìn ìpè yẹn, kò sí ẹlòmíràn tó ń bá Phebe sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ó wá di ọjọ́ tí Wisdom fi àpótí kan rán ẹni tó ń bọ̀ wálé láti Kánádà. Àpótí ọ̀hún ò tó ìdajì búrẹ́dì kékeré. Wọ́n ní bí a bá so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, tí íńtánẹ́ẹ̀tì sì wà nílé, kò sí ohun tí wọ́n ń ṣe láyé tí ènìyàn ò ní rí. Wisdom tún bá Táòfíkì sọ̀rọ̀, ọmọ Òkè-Baálẹ̀ kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Old Garage l'Óṣogbo, pé kó gbé tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ tuntun lọ fún ìyá òun. Táòfíkì dé, ó kí Màmá dáadáa, ó kan tẹlifíṣọ̀n mọ́ ògiri, ó so àpótí mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ yòò. Ó wá jáde sẹ́yìnkùlé, ó wo ọ̀pá eríà tẹlifíṣọ̀n tí Ajíbádé fọwọ́ ara rẹ̀ rì mọ́lẹ̀. Ó ti dípẹtà, ó ti fara ti páànù.

Táòfíkì ní kí Màmá jẹ́ kí òun gbé e kúrò kó tó ba òrùlé jẹ́, pé inú íńtánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo nǹkan wà báyìí, eríà ti di ohun àtijọ́. Màmá gbà. Ta ni yóò bá ọ̀mọ̀wé jiyàn? Ẹni tó ń ra irin kiri gbé eríà lọ, ọ̀pá di ohun tí wọ́n fi gbé okùn aṣọ ró.

Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, Phebe ti pe Wúrà láti fi ẹ̀bùn ọmọ rẹ̀ yangàn. Kò kúkú burú, ìyá wo ni kò ní ṣe bẹ́ẹ̀? Ó ròyìn bí tẹlifíṣọ̀n ṣe fẹ̀ tó, ó ní òun á máa rí irun imú ẹni tó ń ka ìkéde. Wúrà ní ó dára, pé Ọlọ́run á jẹ́ kí Wisdom pẹ́. Nígbà tó di agogo méje, Phebe jókòó, ó tẹ rìmóòtù. Ó rí àwọn tó ń se oúnjẹ tí kò lórúkọ, ó rí àwọn tó ń fò láti orí òkè sínú omi, ó rí ọkùnrin kan tó ń sọ bí yìnyín yóò ṣe rọ̀ lọ́la, nígbà tí ooru Iléṣà ń mú kí òun máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara. Ìkéde nìkan ni kò rí.

Fóònù dún. "Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́ ọ," ni Phebe wí.

Kò rò ó tẹ́lẹ̀, ó kàn jáde lẹ́nu rẹ̀ ni. Ó ti yangàn lọ́sàn-án, báwo ló ṣe máa sọ lálẹ́ pé ẹ̀bùn ọmọ òun kò mú ìkànnì ìtòsí? Wúrà sì bá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ, ó ròyìn òkú ọjọ́ náà látòkèdélẹ̀, Phebe ń sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni", ó ń sọ pé "mo rí i". Nígbà tó gbé fóònù kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fojú wá ọ̀pá tó wà lábẹ́ okùn aṣọ.

Ó pe Wisdom. Wisdom ní kó yọ wáyà àpótí náà kúrò nínú iná, kó sinmi díẹ̀, kó tún un kì bọ̀ ọ́. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ọkùnrin yìnyín tún yọjú. Wisdom ní kó tẹ ibi báyìí, kó tẹ ibi báyìí, títí wọ́n fi rí áàpù ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà. Inú Phebe dùn. Ó tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ òyìnbó kan jáde pé ètò yìí kò sí fún àwọn tó wà ní àgbègbè yín. Wisdom wá rẹ́rìn-ín, ó ní òun á wò ó tí òun bá ráyè lópin ọ̀sẹ̀. Òpin ọ̀sẹ̀ dé, iṣẹ́ gbà á mú. Phebe kò rán an létí. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ń ṣàròyé nípa ẹ̀bùn, ọmọ tó fún un ní ẹ̀bùn ló ń bú, ó sì ń bẹ̀rù kí Wisdom má lọ sọ pé wàhálà Màmá ti pọ̀ jù, kó wá dín ìpè rẹ̀ kù. Ìpè náà kò kúkú pọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ó ránṣẹ́ sí Táòfíkì. Ọmọkùnrin náà wá láti Òṣogbo, ó tẹ àpótí náà síwá tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, àpótí yìí rò pé Kánádà lẹ̀ ń gbé. Orúkọ brọ̀dá Wisdom ni wọ́n fi sí i látọ̀hún."

Phebe náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ó kéré tán, àpótí ti mú òun dé ibi tí wọn ò tíì pe òun sí. Táòfíkì tẹjú mọ́ iṣẹ́. Ó yí i padà sí Nàìjíríà, áàpù ṣí. Àwòrán yọ díẹ̀, ó dúró gbagidi, nǹkan róbótó kan ń pòòyì láàárín rẹ̀. Wọ́n dúró. Ó yọ, ó tún dúró. Nígbà tó fi máa ṣe bíi tènìyàn, détà ti tán, ìkéde náà ti parí tipẹ́. Táòfíkì gbé ọwọ́ sórí. Ó sọ òtítọ́ fún Màmá pé ohun tó bá ń gba afẹ́fẹ́ wá, eríà ní í mú un, àpótí yìí kò sì ní ojú tí wọ́n ń ki wáyà eríà bọ̀ rárá. Ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ ni ojú ọ̀hún wà. Ó ní ó yẹ kí òun ti rò ó kí òun tó hú ọ̀pá Bàbá. Ó bẹ̀bẹ̀, ó ní òun á ra eríà tuntun wá, ṣùgbọ́n àwọn fẹ́ so yìgì àbúrò òun ní Ìwó, kí Màmá fún òun lọ́sẹ̀ kan, Inṣa Allahu. Ènìyàn rere ni, ó kàn ń kánjú jù ni, bí gbogbo wọn.

Ọ̀sẹ̀ náà di méjì. Irọ́ sì dà bí ìyẹ̀fun tí ìwúkàrà ti wọ̀, ó ń wú fúnra rẹ̀. Phebe ti mọ ọgbọ́n rẹ̀ dáadáa. Bí Wúrà bá ní "ṣé o gbọ́?", òun á ní "mo gbọ́ ọ", á wá dákẹ́. Wúrà kò lè gbà kí ibi dákẹ́ rọ́rọ́, yóò tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ta ló kú, ọmọ ibo ni, aṣọ wo ló wọ̀ nínú fọ́tò. Phebe á wá máa mú lára èyí tó gbọ́, á máa fi dá a lóhùn. Ó tilẹ̀ ń fi kún un. Lẹ́yìn ìyẹn, á jókòó níwájú àwọn ará Kánádà tó ń rìn nínú yìnyín, inú rẹ̀ á bàjẹ́. Ìpè yẹn nìkan ló kù fún un, ó sì ti sọ ọ́ di ibi tí ó ti ń purọ́. Ó ti pinnu pé bí eríà bá ti dé, òun á dákẹ́, ọ̀rọ̀ á sì di ìgbàgbé.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, fóònù dún gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

"Phebe."

"Mò ń gbọ́ ọ, Wúrà."

"Ṣé o gbọ́?"

Ohùn Wúrà lọ sílẹ̀, Phebe rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ó ní "mo gbọ́ ọ", ó dákẹ́, ó ń retí kí Wúrà tú u sílẹ̀. Wúrà kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń mí. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà pẹ́ débi pé Phebe rò pé àṣírí ti fẹ́ tú, ó bá sáré wá ọ̀rọ̀ tó máa ń bá òkú púpọ̀ mu.

"Ó gbó, ó tọ́," ni ó wí. "Ta ni irú ìyẹn ò wù? Ọ̀ràn ijó lèyí, Wúrà, kì í ṣe ọ̀ràn ẹkún."

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ìpè náà já. Phebe wo fóònù, ó ní owó ìpè Wúrà ló tán. Ẹ ò rí i bí ọkàn ènìyàn ṣe ń tètè wá àwáwí fúnra rẹ̀. Ó pa tẹlifíṣọ̀n, ó gbàdúrà, ó sùn dáadáa.

Lọ́jọ́ kejì, agogo méje lù, ó kọjá, fóònù kò dún. Phebe fúnra rẹ̀ pè, ó dún títí ó fi dákẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé bákan náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í da ọ̀rọ̀ rò. Kò sí àní-àní, Wúrà ti mọ̀ pé irọ́ ni òun ń pa, ó sì ń bínú. Ó tọ́ kó bínú. Phebe jókòó sínú pálọ̀, kò tan iná, kò tan tẹlifíṣọ̀n. Ó gbọ́ tí aládùúgbò kan ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé, ó gbọ́ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn, lẹ́yìn náà kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ó dá wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n dídá wà tí ènìyàn fi ẹnu ara rẹ̀ fà yàtọ̀. Ó pe orúkọ ara rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan, "Phebe", bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì ń dún. Ojú tì í, ó bá dìde lọ dùbúlẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Màmá Béjidé tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin di ọwọ́ rẹ̀ mú lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ìyá Ìjọ, ẹ kú àfẹ́kù," ni ó wí. "A ò rò pé ẹ máa lè wá sílé Ọlọ́run lónìí. A ti ní Òṣú lẹ máa wà."

Phebe bi í pé kí ló wà ní Òṣú. Màmá Béjidé wò ó lójú, ó rí i pé kò mọ̀ lóòótọ́, ó bá fà á sábẹ́ igi, ó ní kó jókòó. Elisha ni. Àìsàn ọjọ́ mélòó kan ni, ní Àkúrẹ́, kò sì pẹ́ tó fi di ohun tí wọn ò lè sọ fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Àwọn ẹbí fẹnu kò pé láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, àwọn á mú pásítọ̀ dání, àwọn á fi ọgbọ́n sọ ọ́ fún un. Ṣùgbọ́n àwọn tó bá Elisha jáde nílé ìwé girama Iléṣà kò mọ ìpinnu ẹbí. Ọkàn rere ni wọ́n fi gbé ìkéde rẹ̀ lọ sí tẹlifíṣọ̀n lálẹ́ ọjọ́bọ̀, pẹ̀lú fọ́tò. Kò sí ẹni tó rántí pé ìyá rẹ̀ máa ń wo ìkéde. Òun nìkan ló wà nílé. Nígbà tí àwọn ẹbí dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, orí àga ni wọ́n bá a, tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀, fóònù wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Phebe kò sunkún. Ó ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń sọ pé ó gbó, ó tọ́. Ẹyin lohùn, àwọn àgbà ti wí tán, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ọ̀ràn ijó, ó ní ọ̀ràn ijó ni. Elisha tó ń jókòó ti ààrò kí búrẹ́dì má baà jóná mọ́ lẹ́yìn tí òun nà án lọ́jọ́ yẹn. Ó dìde, ó tú gèlè orí rẹ̀, ó sì bọ́ sọ́nà lọ wọkọ̀ Òṣú láìyà sílé.

Nínú ọkọ̀, fóònù dún. Táòfíkì ni. Ó ń fi tayọ̀tayọ̀ sọ pé òun ti ra eríà, pé òun á kì wáyà rẹ̀ bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, òun á jẹ́ kó wá àwọn ìkànnì fúnra rẹ̀, àpótí á wà lọ́tọ̀, eríà á wà lọ́tọ̀, lọ́la ni òun ń bọ̀. Phebe dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kó jẹ́ kí àwọn sọ ọ́ nígbà mìíràn. Ó tún padà sórí ohun tó ń rò. Ọ̀nà méjì ló wà. Ó lè sọ pé òun ṣì í gbọ́, pé àgbàlagbà kan náà wà nínú ìkéde ọjọ́ yẹn, pé tirẹ̀ ni òun ń sọ. Ta ló máa wádìí rẹ̀? Tàbí kó sọ òtítọ́, kí Wúrà mọ̀ pé láti ọjọ́ yìí wá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti sọ ọ́ di ẹni tí ó ń tàn. Títí ó fi sọ̀ kalẹ̀, kò tíì mọ èyí tó máa mú.

Èrò kún ilé Wúrà. Àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin sáré pàdé Phebe, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n sì sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ìyá àwọn ò tíì sunkún láti ọjọ́bọ̀, pé ẹ̀rù ń ba àwọn. Wúrà jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Ó gbójú sókè.

"Ẹ kú àbọ̀," ni ó wí fún Phebe. "Ẹ jókòó."

Wúrà kò fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ rí láyé. Phebe kò jókòó. Ó bẹ àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ pé kí wọ́n fún àwọn láyè díẹ̀, wọ́n jáde. Ó wá kúnlẹ̀, pẹ̀lú orúnkún tó ń ro ó, níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀. Gbogbo irọ́ tó ti tò sílẹ̀ nínú ọkọ̀ sá lọ.

"Wúrà, mi ò gbọ́. Láti ọjọ́ tí àpótí yẹn ti dé, mi ò gbọ́ ìkéde kankan. Mò ń parọ́ fún ọ ni. Mi ò mọ̀ pé Elisha ni."

Wúrà wò ó títí.

"Mo mọ̀ pé o ò gbọ́," ni ó wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Mo dárúkọ ẹni tí kò kú fún ọ lọ́jọ́ kan, o ní o rí fọ́tò rẹ̀, o ní fìlà yẹ ẹ́. Ẹ̀rín ni mo fi rín. Mo ní bó bá jẹ́ irọ́ náà ló ń jẹ́ kó gbé fóònù, kó máa pa á."

Phebe bo ojú rẹ̀. Wúrà kò tíì parí.

"Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, mo gbàgbé. Mo rí ọmọ mi, mo ní ojú mi ló ń tàn mí. Mo pè ọ́ kí o lè sọ fún mi pé kì í ṣe òun. Bó bá sì jẹ́ òun ni, kí ìwọ fi ẹnu rẹ sọ ọ́ fún mi. Ẹnu tèmi ò lè gbé e."

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí nílẹ̀ wa. A kì í gbé òkú ọmọ sí ìyá lẹ́nu. Ẹlòmíràn ló ń bá a gbé ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tó ti wọlé wá láti ọjọ́ Ẹtì, nítorí pé wọ́n gbọ́ pé ó ti rí i, kò sí ẹni tó sọ ọ́. Ẹ kú ìrọ́jú ni wọ́n ń wí, Ọlọ́run á dá àwọn tó kù sí, wọ́n á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á wo ilẹ̀. Wọ́n rò pé ohun tí ojú ti rí ti tó. Pásítọ̀ pàápàá gbàdúrà gígùn láì dárúkọ Elisha.

"Sọ ọ́, Phebe," ni Wúrà wí. "Wọn ò sọ ọ́ fún mi."

Phebe di ọwọ́ Wúrà méjèèjì mú, wọ́n tutù.

"Elisha kú," ni ó wí. "Elisha wa ti kú, Wúrà."

Igbe tí Wúrà ké mú kí àwọn ọmọ rẹ̀ já wọlé pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ó fi ọwọ́ lé wọn padà, ó sì fi orí lé èjìká ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó sunkún láti ojúmọmọ títí wọ́n fi ń tan iná káàkiri ilé. Phebe kò sọ fún un pé ó tó, kò sì sọ pé kó dákẹ́, nítorí òun náà kò dákẹ́.